Ọ̀nà Tí Àbá Àtúnṣe Ń Gbà Wọ Inú Bitcoin

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin olùwòran wa. Bí ẹ bá ti ṣí àpamọ́wọ́ Bitcoin sórí fóònù yín rí, ó ṣeé ṣe kí áàpù náà ti kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjìlá sójú yín, kó sì kìlọ̀ pé kí ẹ dà wọ́n kọ sínú ìwé, kí ẹ má sì fi han ẹnikẹ́ni. Inú àkójọ ọ̀rọ̀ 2,048 ni wọ́n ti ṣa àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, ìwé kan tí wọ́n kọ ní ọdún 2013, tí à ń pè ní BIP 39 (BIP ni ìkékúrú Bitcoin Improvement Proposal, ìyẹn àbá àtúnṣe Bitcoin), ló sì fi àkójọ náà lélẹ̀. Kò sí ìjọba tó fọwọ́ sí ìwé náà, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kan tó pa á láṣẹ. Síbẹ̀, àpamọ́wọ́ tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù lè ka ọ̀rọ̀ méjìlá tí àpamọ́wọ́ mìíràn ṣẹ̀dá ní Amẹ́ríkà. Ètò tí wọ́n fi ń to àbá àtúnṣe Bitcoin ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe, òun la ó sì yẹ̀ wò.

Bitcoin jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè kà, kó dà kọ, kó sì tún ṣe. Òmìnira yìí ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí pé bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó náà kò bá tẹ̀lé òfin kan náà, àkọsílẹ̀ ọ̀hún á pín sí méjì, owó á sì pín pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 2011, Amir Taaki, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ kóòdù Bitcoin, gbé BIP 1 kalẹ̀, ìyẹn ìwé àbá àkọ́kọ́, tó ṣàlàyé bí gbogbo ìwé àbá tó kù ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó èdè kọ̀ǹpútà Python ló ti rí àwòṣe rẹ̀, torí pé àwọn yẹn ti ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní PEP, láti ọdún 2000.

Ẹ wo ojú ìwé tó hàn yìí. Lókè pátápátá ni nọ́ńbà, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́ tó kọ ọ́, àti ipò tí àbá náà wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdí tí àbá fi wáyé, àti àlàyé tó kún débi pé ẹlòmíràn lè fi kọ kóòdù láìjẹ́ pé ó tún lọ béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó dá a. Apá tí èmi máa ń kọ́kọ́ kà ni ibi tí wọ́n ti sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò bá yí ẹ̀dà ọwọ́ wọn padà. Kò sẹ́ni tó lè fipá mú ẹni tó ń lo Bitcoin pé kó gba ẹ̀dà tuntun. Ẹni tó ń lo ẹ̀dà ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò ṣẹ̀, owó rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ sọnù. Àbá tí kò bá sọ bí òun ṣe máa bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé kò tíì parí, bó ti wù kí ìṣirò rẹ̀ dára tó.

Ẹni tó kọ àbá kò lè fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà. Àwọn olóòtú ló ń fúnni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i pé àbá náà bá ìlànà mu, pé kì í ṣe àtúnsọ èyí tó ti wà, àti pé ìmọ̀ ẹ̀rọ inú rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ipò wọn dà bí ti akọ̀wé ẹgbẹ́, tó ń kọ ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ dá lábàá sílẹ̀, yálà ó dùn mọ́ ọn tàbí kò dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n BIP 1 ṣí fèrèsé kékeré kan: ó ní olóòtú lè kọ̀ láti gba àbá tó bá lòdì sí èrò tí wọ́n fi dá Bitcoin sílẹ̀. Ta ló wá fẹ́ sọ ohun tí èrò yẹn jẹ́? Ethereum, ètò owó orí kọ̀ǹpútà mìíràn tó gba ètò yìí lò ní ọdún 2015, rí ìṣòro rẹ̀ ní ọdún 2018, nígbà tí àbá EIP 867 (EIP ni orúkọ tí Ethereum ń pe ìwé àbá tirẹ̀) fẹ́ la ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dá owó tó ti há padà fún àwọn tó ni ín. Yoichi Hirai, ọ̀kan lára àwọn olóòtú, kọ̀ láti gba àbá náà wọlé, ó tọ́ka sí èrò ìpìlẹ̀ Ethereum, ó tún ń bẹ̀rù òfin ilẹ̀ Japan, nígbà tó sì yá ó fi ipò sílẹ̀. Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó yẹ ká dá lẹ́bi níbẹ̀ ju ìlànà tó sọ akọ̀wé di adájọ́ lọ.

Iṣẹ́ olóòtú tún máa ń pọ̀ ju ọwọ́ tó ń ṣe é lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Luke Dashjr ló ru èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní ti Bitcoin. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n fi èèyàn márùn-ún kún un, Olaoluwa Osuntokun, ọ̀kan lára àwọn tó dá Lightning Labs sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń kọ ètò ìsanwó fún Bitcoin, sì wà lára wọn. Ẹ̀yin náà gbọ́ orúkọ.

Gbígba nọ́ńbà kò sọ pé àwọn èèyàn ti gba àbá. BIP 39 tí a fi bẹ̀rẹ̀ gan-an, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n kọ ọ́ sí orí rẹ̀ pé gbogbo àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ló gbani nímọ̀ràn pé kí a má ṣe lò ó, síbẹ̀ òun ni àpamọ́wọ́ káàkiri ayé ń lò. Ti BIP 141, tí à ń pè ní SegWit, yàtọ̀ pátápátá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015 ni Eric Lombrozo, Johnson Lau àti Pieter Wuille gbé e jáde, láti ya ìbuwọ́lù sọ́tọ̀ kúrò lára ìsanwó kí àyè lè pọ̀ sí i nínú búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ìdì ìsanwó tí wọ́n ń fi kún àkọsílẹ̀ owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbá náà ní nọ́ńbà, ó ní kóòdù, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ kóòdù sì fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìlànà BIP 9 sọ pé ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún búlọ́ọ̀kù 2,016, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ méjì, gbọ́dọ̀ gbé àmì ìfọwọ́sí, àwọn awakùsà, ìyẹn àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wọn ṣe búlọ́ọ̀kù tuntun, kò sì gbé e tó bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kọkànlá ọdún 2016 títí wọ inú ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Shaolinfry mú àbá mìíràn wá, tó di BIP 148: láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ, kọ̀ǹpútà àwọn tó bá gbà á kò ní tẹ́wọ́ gba búlọ́ọ̀kù tí kò bá gbé àmì SegWit. Àwọn kan rí i bí eré tó léwu, torí pé ó lè pín owó náà sí méjì. Kí ọjọ́ tó pé, BIP 91 ti sọ ìdá 95 di 80, àwọn awakùsà gbé àmì, SegWit sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2017. Àwọn tí ohun mìíràn wù ti ya lọ dá owó tiwọn, Bitcoin Cash, sílẹ̀ nínú oṣù yẹn kan náà.

Nígbà tí Taproot, àtúnṣe mìíràn sí ìbuwọ́lù àti òfin ìnáwó Bitcoin, dé, wọ́n pín in sí ìwé mẹ́ta, BIP 340, 341 àti 342, kí ẹni tó fẹ́ yẹ ìbuwọ́lù wò má baà há sínú ọ̀rọ̀ òfin ìnáwó. Wọ́n fún un ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta láti gba ìdá 90, pẹ̀lú àdéhùn pé bí kò bá rí i gbà, kí gbogbo èèyàn padà sídìí ìjíròrò. Ó rí i gbà ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní búlọ́ọ̀kù 709,632, ní oṣù Kọkànlá.