Ta Ni Wọ́n Ń Dúró Dè?

Ẹ kú ìfetísílẹ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ má bínú sí jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn ohùn mi, ti ará ilé kejì ni. Ìlọrin ni mo wà lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe Cape Town ní South Africa tí mo ń gbé. Mo ti jẹ wàrà títí inú mi fi ń kùn.

Lọ́dún tó kọjá, àwa mẹ́rin níbi iṣẹ́ dáwó jọ, a háyà ọkọ̀ pẹ̀lú awakọ̀ fún odidi ọjọ́ kan, a lọ sí àwọn ọgbà àjàrà ní Stellenbosch, ìlú kan nítòsí Cape Town. Láti 1679 ni ìlú yẹn ti wà. Kò sí èrò, kò sí ìkánjú. Wọ́n fi wá jókòó sábẹ́ igi, ọmọbìnrin kan ń bu wáìnì fún wa díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n ẹnu méjì péré. Ó ní ká yí ife, ká gbóòórùn rẹ̀, ká fi yọ ẹnu, ká tu ú sínú korobá kékeré. Ká tu ú ke! Ọmọ Ìgbómìnà ni mí. Mo gbé e mì. Àmọ́ nígbà tó fi di ọgbà kẹta, èmi náà ti ń tutọ́ bí ọ̀gá.

Ó sọ ìtàn Pinotage, irú àjàrà kan tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì, fún wa. Ní 1925, ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀, Abraham Perold, mú irú àjàrà méjì, Pinot Noir àti Cinsaut, ó fi wọ́n bí ẹ̀kẹta. Hermitage ni wọ́n ń pe Cinsaut lọ́hùn-ún nígbà náà, ibẹ̀ ni “tage” inú Pinotage ti wá. Mo ra ìgò kan. Ohun tí ọmọbìnrin yẹn kò sọ, awakọ̀ wa ló sọ ọ́ nígbà tí à ń bọ̀: láyé ìjọsí, wáìnì ni wọ́n fi ń san lára owó iṣẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà. Dop ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀ àgbà wà lára wọn. Ìgò yẹn wúwo lórí itan mi títí a fi délé.

Ìgò yẹn náà ni mo gbé wálé. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ní kí n ṣe irú ìrìn àjò yẹn nílẹ̀ wa. Mo háyà takisí láti Ìlọrin, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, ó di ọ̀nà Òmù-Àrán. A yà sí Èsìẹ́ wo àwọn ère òkúta, nínú mùsíọ́ọ̀mù tó kọ́kọ́ wà ní gbogbo Nàìjíríà, ti 1945. Lẹ́yìn náà ni a wọ oko Bàbá Ẹlẹ́mu.

A bá Bàbá lórí ọ̀pẹ, igbà ní ìdí, ó ń fi ọ̀bẹ fá ojú ibi tí omi ti ń kán, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni ń gé èékánná ọmọ tuntun. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ń fá a, kí ojú rẹ̀ má baà dí. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, oyin méjì ń léfòó nínú agbè. Ó fi ìka gbọ́n wọn dànù, ó bu ahá kan fún mi.

Ìwà Stellenbosch bá dìde. Mo yí ahá, mo gbóòórùn rẹ̀, mo fi yọ ẹnu, mo yíjú, mo tu ú sínú koríko.

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

“Ṣé ó kan ni?”

“Rárá o, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ wò lọ́hùn-ún nìyẹn.”

“O ti tọ́ ọ wò tán. Wáá mu ún.”

Mo mu ún. Ó dùn bí omi ìrèké, ó sì ń ta ahọ́n díẹ̀. Ìwúkàrà tó ṣẹ́kù sínú agbè àná ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí Bàbá tó sọ̀ kalẹ̀. Títí ọ̀sán á ti le, tó bá di ọjọ́ kejì á kan. Mo wá ṣí ìgò mi. Bàbá mu díẹ̀, ó fún ojú pọ̀.

“Ìgbà wo ni wọ́n dá èyí?”

“2019, Bàbá.”

“2019!” Ó gbé ahá sílẹ̀. “Ta ni wọ́n ń dúró dè?”

Mo ṣàlàyé pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àjàrà ń pọ́n, pé bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, kò sí nǹkan kan títí di àmọ́dún. Ó ní ó yé òun. Kò yé e. Èmi gan-an, lórí pẹpẹ mi ní Cape Town, ìgò mẹ́fà wà níbẹ̀ tí mo ń tọ́jú de ọjọ́ ńlá kan. Ilé tí mo ní mo fẹ́ kọ́ sí Òmù-Àrán náà wà lórí pẹpẹ yẹn.

Bàbá rọ ẹmu sínú ìgò òfìfo náà fún mi, ó fi ewé dí i lẹ́nu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èmi olóye, mo yọ ewé, mo fi kọ́ọ̀kì rẹ̀ dí i gbọin-gbọin. Àjàṣẹ́-Ìpo la dé tá a gbọ́ gbàù nínú bùútù.

Ọmọ Ìlọrin ni awakọ̀ wa, ọtí ò kan ẹnu rẹ̀ rí. Ó páàkì, ó ṣí bùútù, ó dúró síbẹ̀. “Bùrọ̀dá, mọ́ṣáláṣí ló kọjú sí ilé mi lẹ́yìn Ọjà-Ọba. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?” A ra omi inú ọ̀rá àti ọṣẹ, a fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Òórùn náà ò lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti pè mí láti àárọ̀.

Òun náà ló tún ń pè yìí. Ẹ jẹ́ kí n gbé e.