Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Báǹkì: Tuntun Lórí Àtijọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà báǹkì ṣe ń dàgbà. Báǹkì tó ti pẹ́ kì í kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; ṣe ni wọ́n ń lẹ tuntun mọ́ àtijọ́, àtijọ́ kì í sì í fẹ́ lọ.

Nígbà tí Bank of America bẹ̀rẹ̀ sí í lo ERMA, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń ka sọ̀wédowó, lọ́dún 1959, ṣe ni wọ́n ń kó sọ̀wédowó fúnra rẹ̀ láti ẹ̀ka lọ bá kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ tó ń sanwó tí Barclays gbé síta ní Enfield, ní England, lọ́dún 1967 náà kò bá kọ̀ǹpútà kankan sọ̀rọ̀. Ìwé pélébé kan ni oníbàárà ń tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì ń pọ pọ́n-ùn 10.

Ìgbà tí ẹ̀rọ ní láti mọ iye tó kù nínú àkáǹtì kó tó sanwó ni wáyà di dandan. Báǹkì wá ń háyà wáyà tẹlifóònù tọ̀sán-tòru láti ẹ̀ka dé olú-ilé-iṣẹ́. Lọ́dún 1974, IBM, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, gbé SNA jáde, ìlànà bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀: kọ̀ǹpútà ńlá kan ni ọ̀gá, ìyókù ń gba àṣẹ. SWIFT, ẹgbẹ́ tó ń bá báǹkì gbé àṣẹ ìsanwó ránṣẹ́ síra wọn, tí báǹkì 239 láti orílẹ̀-èdè 15 dá sílẹ̀ lọ́dún 1973, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1977.

Nígbà tí IP, ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, dé, ta ló máa tún ètò ìṣirò owó tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún kọ? Ẹnikẹ́ni kò láyà rẹ̀. Wọ́n kàn wé ọ̀rọ̀ SNA sínú IP, wọ́n sì ń gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nǹkan tí wọ́n ṣe nígbà tí àjèjì kò lè débẹ̀ ti wá wà lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú gbogbo ayé.

Lóṣù kejì ọdún 2016, àwọn olè wọ kọ̀ǹpútà báǹkì àgbà ilẹ̀ Bangladesh, wọ́n fi SWIFT pàṣẹ ìsanwó, mílíọ̀nù 81 dọ́là sì gba Philippines lọ. Ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé kò sí firewall (ohun tó ń dá àjèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) níbẹ̀, pé switch (ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀) àlòkù olówó pọ́ọ́kú, bíi dọ́là 10, ni wọ́n ń lò, wọn kò sì ya kọ̀ǹpútà SWIFT sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù.

Ìyàsọ́tọ̀ yìí wà lára ohun àkọ́kọ́ tí SWIFT sọ di dandan fáwọn báǹkì lẹ́yìn náà. Ó rọrùn lẹ́nu. Kí ẹ tó pààlà, ẹ ní láti mọ ẹ̀rọ tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ibẹ̀ lẹ ó ti bá kọ̀ǹpútà tí ẹni tó gbé e síbẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Ẹ má kàn fa wáyà rẹ̀ yọ o! Ẹ máa ṣọ́ ọ títí oṣù á fi parí, torí iṣẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ìparí oṣù nìkan ló ń jí.