Bí a ṣe ń kó èédú àti ìpẹtà kúrò lára sàlẹ́ńsà two-stroke àtijọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Sàlẹ́ńsà tí ẹ ń wò lórí tábìlì yìí, ti Suzuki AX100 ni. Ẹni tó gbé e wá ti ń múra àtira tuntun, torí pé ọ̀kadà rẹ̀ kò lágbára mọ́. Tó bá fẹ́ gun òkè, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, èéfín á bo gbogbo àdúgbò. Wọ́n ti bá a pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, wọ́n ti tú kábúrétọ̀, kò sẹ́ni tó yẹ ìdí sàlẹ́ńsà wò. Ẹ jẹ́ kí n sún kámẹ́rà mọ́ ọn. Ihò tí èéfín ń gbà jáde rèé. Ìka mi tó kéré jù yẹ kó wọ ibẹ̀ wẹ́rẹ́. Ìṣó lásán ni yóò wọ̀ ọ́ báyìí.

Èédú ló dí i. Ẹ́ńjìnnì two-stroke, àti epo àti ọ́ìlì ló ń jó pọ̀. Ọ́ìlì tí kò bá jó tán á gba sàlẹ́ńsà jáde, á lẹ̀ mọ́ ọn nínú, iná á sì máa yan án lójoojúmọ́ títí á fi le gbagidi. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: Vespa ni o, Yamaha RX100 ni o, títí kan jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour". Bí mo bá ṣe fọ èyí, ẹ lè fọ tiwọn náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Nọ́tì méjì ló de sàlẹ́ńsà mọ́ sìlíńdà, bóòtù tó so ó mọ́ férémù sì wà lẹ́yìn. Nọ́tì tó bá ti dógùn-ún, ẹ má bá a fà á. Ẹ ta epo òyìnbó sí i, ẹ fi òòlù kékeré kàn án jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ lọ mumi kẹ́ ẹ tó padà wá. Bí irin tí nọ́tì wọ̀ bá ṣẹ́ sára sìlíńdà, iṣẹ́ míì ti délẹ̀ nìyẹn. Gásíkẹ́ẹ̀tì róbótó tó wà láàárín wọn, tó bá ti tẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ ra òmíràn.

Ẹ má tíì kúrò nídìí ọ̀kadà. Ojú ihò tó kù lára sìlíńdà yẹn náà ní èédú. Ẹ fọwọ́ rọra tẹ kíìkì títí písítìnì á fi gòkè wá bo ihò náà, kí èédú má baà já sínú, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi igi ṣóńṣó ha á kúrò. Igi ni mo wí o. Sukudíráfà á fa ìlà sí písítìnì lára, ìlà yẹn kò sì ní parẹ́.

Ó ku páìpù inú, ìyẹn páìpù kékeré tó wà nínú sàlẹ́ńsà. Bóòtù kékeré kan ló dì í mú nídìí sàlẹ́ńsà. Mo ti tú u, àmọ́ ẹ wò ó, kò mì. Mo máa fi iná gáàsì yan ìdí rẹ̀ díẹ̀ kí èédú tó há a lè rọ̀, mo fi páláyà dì í mú, mo ń yí i sọ́tùn-ún, mo ń yí i sósì, mo ń fà. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń han. Ó ń bọ̀... òun nìyí! Ẹ wo omi dúdú tó ń kán tẹ̀lé e. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ wà lára páìpù yìí nígbà tó wà ní tuntun. Ẹ bá mi wá wọn. Mo fi èékánná ha ibí yìí: òkè rẹ̀ rọ̀, ó ń yọ̀, abẹ́ rẹ̀ le, ó ń dán, bí ọbẹ̀ tó jóná mọ́dìí ìkòkò.

Ibí yìí làwọn kan ti máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ju páìpù inú nù, tàbí kí wẹ́dà lu ihò sí sàlẹ́ńsà lára kó lè mí. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ariwo nìkan kọ́ ni sàlẹ́ńsà two-stroke wà fún. Èéfín tó bá jáde nínú sìlíńdà máa ń tì afẹ́fẹ́ síwájú. Tí ìtì yẹn bá kan ibi tí sàlẹ́ńsà ti fún, á ta padà, á sì dá epo tútù tó fẹ́ bá èéfín sá jáde padà sínú sìlíńdà kí písítìnì tó ti ihò. Walter Kaaden, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ alùpùpù MZ ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, ló fi ọgbọ́n yìí sọ alùpùpù kékeré di abàmì láwọn ọdún 1950. Ní 1961, Ernst Degner tó ń bá wọn gun alùpùpù nínú ìdíje sá kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó gbé àṣírí náà lọ sọ́dọ̀ Suzuki. Nígbà tó fi máa di 1962, ó ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti alùpùpù 50cc lórí Suzuki. Ọgbọ́n tí èèyàn torí ẹ̀ sá kúrò nílùú rẹ̀, ẹ wá ní kí wẹ́dà lu ihò sí i!

Ó yá, páìpù inú, iná ló kàn ọ́. Ẹ fi epo òyìnbó fọ ọ̀rá ara rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ gbé e sórí ẹyinná ní ìta gbangba, níbi tó jìnnà sí epo. Ẹ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá kí èéfín má baà bò yín. Èédú náà fúnra rẹ̀ á gbiná, á jó, á di eérú. Tó bá tutù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ó, kẹ́ ẹ fi sípókù kẹ̀kẹ́ la àwọn ihò náà níkọ̀ọ̀kan. Ẹ má da bẹntiróòlù sínú sàlẹ́ńsà kẹ́ ẹ wá ṣáná sí i o. Mo ti rí àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú páìpù tóóró niná náà wà, ojú ẹni tó ṣáná ló máa ń bú jáde sí.

Ìyá sàlẹ́ńsà fúnra rẹ̀ kò ṣeé sun báyẹn, kúróòmù ara rẹ̀ á di búlúù. Ẹ ti ṣéènì kẹ̀kẹ́ tó ti gbó sínú rẹ̀, ẹ di orí rẹ̀ kan mú, ẹ máa mi sàlẹ́ńsà náà. Ẹ ń gbọ́ bí èyí tó gbẹ ṣe ń já bọ́? Èyí tó kù, kọ́sítíìkì sódà ló máa bá wa jẹ ẹ́, èyí táwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń rà lọ́jà.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, gọ́gù lójú, aṣọ alápá gígùn, omi púpọ̀ nítòsí, kẹ́ ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà. Ike ni ẹ máa lò. Ẹ bu omi tútù sínú rẹ̀ ná, ẹ wá máa da kọ́sítíìkì sínú omi díẹ̀díẹ̀, gíráàmù 100 sí lítà 1, ẹ máa fi igi rò ó. Ẹ má da omi lé kọ́sítíìkì lórí: á hó lójijì, á sì ta síni lára. Ohunkóhun tó bá jẹ́ alumíníọ́mù, bí sìlíńdà tàbí písítìnì, kò gbọ́dọ̀ kan omi yìí, torí ó máa jẹ ẹ́, gáàsì tó sì máa yọ níbẹ̀ máa ń gbiná. Tó bá ta sí yín lára, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 20. Tó bá jẹ́ ojú ni, ẹ ṣàn án bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Ẹ fi rọ́bà dí ẹnu tó ń wọ sìlíńdà, ẹ gbé sàlẹ́ńsà dúró nínú báàkẹ́tì ike, ẹ rọra rọ omi náà kún un. Ẹ má dí ẹnu kejì. Ó di ọ̀la. Tẹ́ ẹ bá dà á jáde, ẹ máa rí ohun tó ń jáde: dúdú kirikiri, ó nípọn. Ẹ má dà á sẹ́bàá kànga. Ẹ fi omi ṣàn án léraléra títí omi tó ń jáde á fi mọ́ gaara.

Ìpẹtà inú ńkọ́? Fínígà la máa rọ sí i mọ́jú, lẹ́yìn tí kọ́sítíìkì bá ti kúrò pátápátá, torí àwọn méjèèjì kì í gbé pọ̀. Ásíìdì bátìrì tí wọ́n ń lò níbòmíràn á jẹ ìpẹtà lóòótọ́, á sì jẹ irin mọ́ ọn. Ẹ fi omi ṣàn án, ẹ sá a sóòrùn lójú ẹsẹ̀, ẹ wá ta ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ yí i káàkiri. Irin tó tutù tí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ á tún dógùn-ún kílẹ̀ tó mọ́.

Fífọ ara rẹ̀ lóde kò le. Ibi tó jẹ́ kúróòmù, ẹ ká fọ́ìlì tí wọ́n fi ń yan ẹja ní róbótó, ẹ rì í sómi, ẹ máa fi gbo ó. Fọ́ìlì rọ̀ ju kúróòmù lọ, kò ní ha á. Ẹ wò ó bó ṣe ń tàn! Ibi tí kúróòmù ti bó kò ní padà o, ẹ má retí ìyanu. Ibi tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ó, sánpépà 80, lẹ́yìn náà 240, ẹ fi tínà nù ún. Ẹ fi sukudíráfà kan ibi tó bá ń fu yín lára; tó bá wọlé, wẹ́dà ló kàn, ọ̀dà kọ́. Ọ̀dà tó ń gba iná ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fi kun ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ti lásán á bó lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Mo ti dá a padà. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, mo ń yí nọ́tì méjèèjì le díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kó má baà wọ́. Ẹ jẹ́ ká ta á. Èéfín àkọ́kọ́ yẹn, ọ́ìlì tá a ta sínú rẹ̀ ni, á lọ. Ẹ gbọ́ ìró rẹ̀ báyìí.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló kù. Ojúlówó ọ́ìlì two-stroke ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n tú nínú mọ́tò ẹlòmíràn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn, mílílítà 20 ló ń lò sí lítà epo 1. Síríńjì ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n. AX100 ní pọ́ǹpù ọ́ìlì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti yọ ọ́ dànù. Bí a ṣe ń tún un so padà la máa ṣe nínú fídíò tó ń bọ̀.