Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀: Ọdún Mẹ́ta Tí Kò Sí Nínú CV

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, as-salaamu alaykum wa rahmatullaahi wa barakaatuh. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó mọ ohun tí a gbé síta àti ohun tí a fi sábẹ́ aṣọ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo gbé ìwé kan lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kékeré kan lẹ́bàá Ọjà Ọba níhìn-ín ní Àkúrẹ́, kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀ tí ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé ń bá ṣe CV. Mọ́sálásí wa ni ó ti ń kírun, mo sì dá a mọ̀ dáadáa. Wọ́n ti kọ orúkọ, wọ́n ti kọ ilé ìwé, wọ́n ti kọ ọdún tí ó fi ṣe àgùnbánirọ̀ àti ilé iṣẹ́ tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ni ọmọbìnrin náà bá gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó ní, "Bùrọ̀dá, láti 2019 títí di 2022, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kí ni ká fi dí i?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò fọhùn. Ọmọbìnrin yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú, ohun tí ó ń bá gbogbo oníbàárà sọ ni ó bá a sọ: "Ẹ ò ní ẹ̀gbọ́n tó ní ṣọ́ọ̀bù ni? Orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn ni àwọn èèyàn máa ń lò, wọ́n á ní àwọn ni máníjà ibẹ̀." Ìgbà náà ni ọmọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn, tí ó rí mi, tí ó sì tẹríba kí mi. "Ààfáà, ẹ dákun, ṣé ẹ lè bá mi kọ lẹ́tà pé ilé kéú yín ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún wọ̀nyẹn?"

Díẹ̀ ló kù kí n sọ pé kò burú. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ga ju ìdánwò náà lọ. Ọmọ dáadáa ni, ó sì ń wá iṣẹ́ lójú méjèèjì. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ bi í pé kí ni ó ń ṣe gan-an nígbà náà. Ó ní, "Màmá mi ni rọpárọsẹ̀ kọ lù, sà. Èkó ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, wọ́n sì ní ìdílé tiwọn. Èmi ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí mo wá ń tọ́jú wọn. Mò ń gbé wọn dìde, mò ń fi ṣíbí fún wọn ní ẹ̀kọ, mò ń pọ̀n wọ́n dé ibi táá jẹ́ ká rí ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Oṣù kẹsàn-án 2022 ni wọ́n jáde láyé." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́, sà."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Nínú hádíìsì tí Nasá'í gbà wá, ọkùnrin kan wá bá Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé òun fẹ́ lọ sí ojú ogun, òun sì wá gba ìmọ̀ràn. Ànọ́bì bi í bóyá ó ní ìyá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ànọ́bì ní kí ó dúró ti ìyá rẹ̀, nítorí pé abẹ́ ẹsẹ̀ ìyá náà ni àlùjánńà wà. Ibi tí Ànọ́bì rán ọkùnrin yẹn lọ ni ọmọ tiwa yìí lo ọdún mẹ́ta, ó sì ń pe ọdún náà ní òfo, ó ń wá ẹni tí yóò bá òun pa á rẹ́ kí òun lè fi ọmọ kéú tí òun kò kọ́ rí rọ́pò ìyá tí òun pọ̀n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọkà àti gàrí lọ́jà mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó: èyí tó gbẹ wà lókè, èyí tó rin wà nísàlẹ̀. Ìmáàmù Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abú Huráírà pé Ànọ́bì kọjá níwájú òkìtì oúnjẹ kan ní ọjà, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ibi tó tutù. Ó bi olóúnjẹ náà pé kí nìyí. Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Ànọ́bì ní kí ló dé tí kò fi gbé e sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, àti pé ẹni tí ó bá ṣe ẹ̀tànjẹ kì í ṣe ara òun. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ìbéèrè yẹn. Ànọ́bì kò bá a wí pé òjò pa ọkà rẹ̀. Ta ni ó lè dá òjò dúró? Bíbò tí ó bò ó mọ́lẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àìsàn tó dá ènìyàn jókòó, ilé iṣẹ́ tó kógbá sílé, ọmọ tí a bí tí kò sí ẹni tí yóò bá wa gbé e, òjò ni gbogbo wọn.

Èyí tó tilẹ̀ máa ń yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní àlàfo nílùú yìí kì í ṣe àlàfo. Ẹni tí ó lọ dá oko kòkó bàbá rẹ̀ ní Ìdànrè fún ọdún méjì, iṣẹ́ ni ó ṣe. Ẹni tí ó gun ọ̀kadà, iṣẹ́ ni. Ẹni tí ó jáde ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níhìn-ín, lẹ́yìn àkókò tí ó yẹ kò ní láti yí ọdún kankan padà, nítorí pé kò sí agbanisíṣẹ́ ní Nàìjíríà tí kò mọ̀ pé ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 2022, tí wọn kò sì padà títí di oṣù kẹwàá. Ìtìjú ni ó ń mú wa parọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí a ń tì kò tini lójú.

Ẹ wo Ànọ́bì Mùsá. Ó sá kúrò ní Íjíbítì pẹ̀lú ìbẹ̀rù, kò ní ilé, kò ní iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó kú lọ́wọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dé ibi omi Madyan, ó bá àwọn ọmọbìnrin méjì fún ẹran wọn lómi, ó padà sí abẹ́ ibòji, ó sì ké pe Olúwa rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn wá pè é pé bàbá àwọn fẹ́ san án lẹ́san oore rẹ̀, Sùúrà Al-Qasas, ààyà 25, sọ ohun tí ó ṣe nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ bàbá náà: ó ro ìtàn ara rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ìtàn náà ni bàbá sọ fún un pé kí ó má bẹ̀rù, ó ti là lọ́wọ́ àwọn ìjọ alábòsí. Ní ààyà 26 ni ọmọbìnrin náà tó sọ pé kí bàbá òun gbà á síṣẹ́, nítorí pé ẹni tó dára jù láti gbà síṣẹ́ ni alágbára tó ṣeé fọkàn tán. Ní ààyà 27 ni wọ́n tó wá dá ọdún mẹ́jọ fún un, tí ó bá sì ṣe é pé mẹ́wàá, láti ọkàn rẹ̀ ni. Ìtàn ló ṣáájú iṣẹ́. Wọ́n ti rí agbára rẹ̀ nídìí omi; ṣùgbọ́n bí ó bá ti parọ́ ní ààyà 25, mi ò mọ ohun tí ìyókù ọ̀rọ̀ náà ì bá dà.

Àwọn kan yóò ní ta ni yóò mọ̀. Ilé iṣẹ́ tuntun lè kọ̀wé sí ti àtijọ́ láti béèrè oṣù tí o wọlé àti oṣù tí o jáde. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014, wọ́n ń yọ ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ sì ń fi ìdá 10 lé e, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì ń fi oṣù kọ̀ọ̀kan hàn, títí kan oṣù tí ohunkóhun kò wọlé. Ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ kí ẹ sọ òótọ́ nítorí ìyẹn. Sùúrà Qáf, ààyà 18, sọ pé ènìyàn kò ní sọ gbólóhùn kan àyàfi kí ẹ̀ṣọ́ kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ó ti múra sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ àwọn mọ̀láíkà náà kì í fo oṣù kankan.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àwa àgbà, àwa tí wọ́n ń kọ orúkọ wa sí ìsàlẹ̀ CV gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, nítorí pé àwa gan-an ni a ń ba àwọn ọmọ yìí jẹ́. Nínú hádíìsì tí Bukhárì àti Muslim gbà wá, Ànọ́bì ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù: mímú orogún pẹ̀lú Ọlọ́hun, ṣíṣẹ̀ sí òbí. Ó fara ti nǹkan nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó dé orí ẹ̀rí èké, ó dìde jókòó dáadáa, ó ń tún un sọ, ó ń tún un sọ, títí àwọn sàhábà fi ń sọ nínú ọkàn wọn pé ì bá jẹ́ pé ó lè dákẹ́. Lẹ́tà tí ààfáà, máníjà tàbí ọ̀gá ilé ìwé fọwọ́ sí, tí ó lu òǹtẹ̀ mọ́, ẹ̀rí ni. A máa ń pè é ní àánú. Àánú wo ni ó wà nínú kí n ti ọmọ ọlọ́mọ wọ ilé iṣẹ́ pẹ̀lú irọ́ tí yóò máa rántí ní gbogbo ìgbà tí ọ̀gá bá pè é?

Ìpamọ́ yàtọ̀ sí irọ́ ṣá o. Ẹni tí àìsàn dá dúró kò ní láti dárúkọ àìsàn náà. "Mo ń gba ìtọ́jú, ara mi sì ti yá" tó. Àṣírí ilé kò di dandan kí ó wọ inú CV. Ṣùgbọ́n bí fọ́ọ̀mù bá béèrè ohun kan ní tààrà, kí a dáhùn ní tààrà. Ní ti ẹni tí ó ti fi ọdún irọ́ rí iṣẹ́ ná, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà bí iṣẹ́, àwọn onímọ̀ kan sọ pé òógùn rẹ̀ ni owó oṣù rẹ̀, ṣùgbọ́n túúbà irọ́ náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìrírí ọdún márùn-ún ni wọ́n fi dá ẹ̀mí ènìyàn lé e lọ́wọ́, tí kò sì ní in, ọ̀ràn náà le ju èyí lọ, kí ó wá onímọ̀ bá sọ ọ́ ní kíákíá.

Ọmọbìnrin náà padà tẹ ìlà kan ṣoṣo sí àlàfo ọ̀hún: "2019 sí 2022: mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú òbí mi tó ṣàìsàn." Èmi náà kọ lẹ́tà fún un, ohun tí mo mọ̀ ni mo sì kọ síbẹ̀: pé ó ti ń kírun Sùbúì lẹ́yìn mi láti ọdún pípẹ́, pé òun ni ó ń ṣọ́ owó àkànṣe mọ́sálásí wa láti ọdún tó kọjá, kọ́bọ̀ kan kò sì dín rí. Kò sí ilé kéú nínú rẹ̀. Títí di alẹ́ àná, ibi méjì tí ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ní Alágbàká kò tíì pè é. Nígbà tí ẹ bá gbé ọwọ́ sókè lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣe àdúà fún un, kí ẹ sì fi ìyá rẹ̀ kún un.