Abano: Ọ̀nà Tí Yìnyín Ń Tì Pa

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ là á yé yín, Jọ́jíà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà o, èyí tó bá Rọ́ṣíà pààlà ni, níbi táwọn òkè Caucasus wà. Lápá àríwá ìlà oòrùn níbẹ̀, àgbègbè kan wà tó ń jẹ́ Tusheti, títì kan ṣoṣo ni mọ́tò lè gbà débẹ̀, títì náà sì gbọ́dọ̀ gun òkè dé Abano, ibi tó ti ré orí òkè kọjá, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì.

Abano ga ju 2,800 mítà lọ. Kò sí ọ̀dà lójú ọ̀nà ẹ̀, òkúta lásán ni, ayé ìjọba Soviet ni wọ́n tó là á fún mọ́tò, kó tó dìgbà yẹn ẹsẹ̀ àti ẹṣin ni. Tẹ́ ẹ bá wo fídíò ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ewu ṣáá ni wọ́n máa sọ fún yín, bí táyà ṣe ń rìn létí ọ̀gbun. Òótọ́ ni, àmọ́ ó máa ń sú mi táwọn èèyàn bá fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Tó bá ti di bí oṣù kẹwàá, yìnyín á dí i pa, ó di bí oṣù kẹfà kó tó tún ṣí. Òkè yẹn ni kàlẹ́ńdà àwọn Tush, ìyẹn àwọn ará Tusheti.

Ìyẹn ni wọ́n ṣe ní ilé méjì. Nígbà òtútù, Alvani ni wọ́n ń gbé, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Kakheti. Ìtàn bí wọ́n ṣe rí ilẹ̀ yẹn gbà dùn mọ́ mi gan-an: wọ́n ní lẹ́yìn tí àwọn Tush bá àwọn ará Kakheti lé àwọn ọmọ ogun Páṣíà ní odi Bakhtrioni, ní nǹkan bí 1659, àwọn ará Kakheti bi Zezva, jagunjagun àwọn Tush, pé kí ló ń fẹ́, ó ní ibi tí ẹṣin òun bá sáré dé ni kí wọ́n fún àwọn èèyàn òun. Ẹṣin yẹn mà sáré o.

Tí òtútù bá ti ń bọ̀, àwọn darandaran á da àgùntàn sọ̀ kalẹ̀ gba Abano, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, pẹ̀lú ẹṣin pẹ̀lú ajá, jíìpù tó bá kò wọ́n lọ́nà á kàn páàkì ni, hóònù ò lè ràn án lọ́wọ́. Nabadi ni wọ́n ń dà bora, irun àgùntàn tí wọ́n tẹ̀ pa pọ̀ tó le gbagidi, òjò ò ráyè wọ̀ ọ́, ilẹ̀ bá ṣú wọ́n á fi ṣe búláńkẹ́ẹ̀tì. Wàrà wọn, guda, inú àpò awọ àgùntàn ló ń gbó sí pẹ̀lú iyọ̀, wọ́n á ti yí awọ náà kí irun ẹ̀ lè wà nínú. Bẹ́ẹ̀ ni, irun nínú. Òórùn ẹ̀ ò kéré sha.

Ìgbà tọ́nà bá ṣí ni ọdún Atnigenoba ń dé, bí 100 ọjọ́ lẹ́yìn Àjíǹde, abúlé kan á ṣe tiẹ̀, òmíì á tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n bá yàn, shulta, ló máa pọn bíà nínú ìkòkò bàbà ńlá, wọ́n á pa àgùntàn, wọ́n á fi ẹṣin sáré ìje. Kristẹni ni wọ́n o, àmọ́ ojúbọ olókùúta tí wọ́n ń pè ní khati ò kúrò níbẹ̀, obìnrin ò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orò, ẹ ò nílò àlàyé mi. Èèwọ̀ míì ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wọ Tusheti rárá, kódà sọ́séèjì inú báàgì, torí wọ́n gbà pé ó ń fa jàǹbá. Tó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó sínú jíìpù yẹn létí ọ̀gbun, mi ò ní bá wọn jiyàn jàre.

Ẹnì kan bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi pé ṣé kò sẹ́ni tó ń dúró sókè nígbà yìnyín ni. Wọ́n wà, wọn ò pọ̀ ni. Tí àìsàn bá dé sí ọ̀kan nínú wọn, àfi hẹlikọ́pítà.