Ẹ Má Gé Akọ Àtílì

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ọmọ Yorùbá sọ ní Jos)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín o. Ẹni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ ní Jos tàbí Pankshin kò ní ṣàìmọ àtílì, èso dúdú bí aró tí wọ́n ń bù sínú abọ́ tà lẹ́bàá títì. Ẹ̀yin ìyá mọ̀ pé a kì í sè é. Omi tó gbóná níwọ̀nba la fi ń rẹ ẹ́. Bí omi bá hó jù, ńṣe ni yóò le gbagidi. Bó bá rọ̀ tán, inú rẹ̀ á ní àwọ̀ bí ewé tútù, òróró á kún un. Iyọ̀ díẹ̀ ti tó.

Canarium schweinfurthii ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Irú Canarium lé ní 100 láyé, Éṣíà àti àwọn erékùṣù Pàsífíìkì ni èyí tó pọ̀ jù wà. Ní Philippines, pílì ni tiwọn, ọmọ inú kóró rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Àwa ń jẹ ara èso, a sì ń ju kóró nù, kóró onígun mẹ́ta tó ṣóńṣó lórí àti nídìí, tó le bí òkúta. Bẹ́ẹ̀, ọmọ inú tiwa náà ṣeé jẹ! Àwọn ará ìgbàanì kò fi èso yìí ṣeré: a ti rí èèpo kóró Canarium tó jóná nínú ihò àpáta Bosumpra ní Ghana, ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Mọ̀lẹ́bí igi tùràrí àti òjíá inú Bíbélì ni àtílì. Ẹ ṣá èèpo rẹ̀, oje olóòórùn dídùn á sun jáde, á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, bó bá yá á gbẹ. Wọ́n ń sun ún bíi tùràrí.

Pákó rẹ̀ ló ń kó o sí wàhálà. Igi náà ga, ó tọ́ gbọnrangandan, wọ́n sì ń fi ṣe páìwúùdù. Àwọn agégẹdú mọ̀ pé ó máa ń mú kí ojú ayùn kú, síbẹ̀ wọn ò fi í sílẹ̀.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Akọ àti abo àtílì kì í wà lára igi kan náà. Abo nìkan ló ń so. Akọ a yọ òdòdó, òdòdó náà a rẹ̀ dànù, onílẹ̀ a ní, “Àgàn lèyí,” a sì pe oníayùn. Ṣùgbọ́n láìsí àtíkè òdòdó akọ nítòsí, kí ni abo fẹ́ fi so? Ẹni tó gé akọ rẹ̀ lónìí lè máa bínú sí abo lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìyá kan bi mí pé, “Báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì kéré?” Mà, ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Ó di ìgbà tó bá yọ òdòdó, ìyẹn á sì gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín, kó má gbin ẹyọ kan. Àwọn ará Philippines, tí pílì tiwọn náà ní akọ àti abo, máa ń gé ẹ̀ka abo tó ń so dáadáa, wọ́n á lọ́ ọ mọ́ ọ̀dọ́ igi mìíràn, ohun tó bá hù níbẹ̀, abo ni. Ó yẹ kí àwọn tó ń ta irúgbìn igi ní Jos níbí dán an wò. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, èmi ni oníbàárà àkọ́kọ́.