Oòrùn Oṣù Kẹwàá ní London: Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Ya Fọ́tò Ilé Wo?

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Orí afárá Westminster ní London ni mo wà. Àárín oṣù Kẹwàá la wà yìí, ìgbà ìwọ́wé. Òtútù ń mú, àmọ́ ojú ọ̀run mọ́ kedere. Irú ọjọ́ báyìí kì í pọ̀ níbí, ìdí nìyẹn tí mo fi tètè jí.

Ẹ wo ibi tí oòrùn wà. Ó ń tàn tààrà sí apá Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tó kọjú sí odò Thames. Ẹ sọdá afárá yìí, kí ẹ dúró sí òdìkejì odò, gbogbo ọnà ara ògiri náà ni ẹ ó rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá síbí, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo dé. Oòrùn ti bọ́ sẹ́yìn ilé náà. Mo ya àwòrán bíi 40, ilé gogoro alágogo tó wà níbẹ̀ dúdú bí èédú nínú gbogbo wọn. Kò sí ohun tó ṣe kámẹ́rà mi, àkókò ni mo ṣì mú. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà: agogo ńlá inú ilé gogoro yẹn ló ń jẹ́ Big Ben. Láti 2012 ni ilé gogoro fúnra rẹ̀ ti ń jẹ́ Elizabeth Tower.

Ẹni tó bá ń ya fọ́tò ní Èkó mọ̀ pé ọ̀sán gangan kò dára. Lóṣù yìí, oòrùn ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàrí, òjìji á kúrú sábẹ́ ẹsẹ̀, ihò ojú èèyàn á ṣókùnkùn. Ti London yàtọ̀. Lọ́sàn-án gangan pàápàá, oòrùn ibí kì í gòkè ju nǹkan bí 30 dígírì lọ, nígbà tí ti Èkó sún mọ́ 75. Ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, òjìji rẹ̀ á gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé bẹ́ẹ̀ ló ń fa ọnà ara òkúta yọ, torí gbogbo ibi tó bá yọ síta ló ń ní òjìji tirẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa fi ọ̀sán sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Paul's. Ẹ dúró sí ìparí afárá ẹlẹ́sẹ̀ Millennium Bridge lápá gúúsù, oòrùn á wà lẹ́yìn yín. Òkúta Portland ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó funfun débi pé ó lè ṣe fóònù ní ojú. Ẹ fi ìka kan òrùlé rìbìtì náà lójú fóònù, àmì oòrùn kékeré kan á yọ, ẹ fà á wálẹ̀ títí ìlà ara òkúta á fi padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kámẹ́rà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ tó), f/8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó) àti 1/400 (ìdá kan nínú 400 ìṣẹ́jú àáyá tí kámẹ́rà fi ń ṣí). Ẹ má da orí kámẹ́rà sẹ́yìn jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé á dà bí ẹni fẹ́ ṣubú. Ẹ kúkú fẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn.

Bí ẹ bá ráyè dé Greenwich, ẹ wá iṣẹ́ Yinka Shonibare, ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Èkó. Àwòkọ kékeré ọkọ̀ ojú omi Nelson, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ló gbé sínú ìgò ńlá, tó ta ìgbòkun aláràbarà bí Ankara sí i. Trafalgar Square ló wà láti 2010 sí 2012 kó tó dé ibẹ̀. Inú mi ń dùn gidigidi ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé iwájú rẹ̀. Ìgò máa ń gbé àwòrán ẹni jáde, nítorí náà, ẹ wọ aṣọ dúdú, kí ẹ máa yí i ká títí dídán náà á fi kúrò lójú ìgbòkun.

Tower Bridge, tí wọ́n ṣí ní 1894, ni ẹ fi kádìí ọjọ́. Láti etí odò lápá gúúsù, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń kàn án lójú, ni kí ẹ ti yà á. Oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́fà díẹ̀ báyìí. Bí wọ́n bá ti yí aago padà lópin oṣù, kò ní pé aago márùn-ún kó tó wọ̀. Ẹ má tíì palẹ̀ mọ́ nígbà náà. Ẹ gbé fóònù lé orí ògiri etí odò, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó tó yà, kí ọwọ́ yín má bàa mì í. Iná afárá á ti tàn, ojú ọ̀run á ṣì dà bí aró.